Ọparun tó yọ lẹ́yìn fẹ́ǹsì: ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ onílé ní Amẹ́ríkà

Ìgbà ìrúwé ni irú lẹ́tà yìí sábà máa ń dé. Ẹ ṣí àpótí lẹ́tà, ẹ bá ìwé kan láti ọ́fíìsì káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín: ọparun ẹ̀yìn ilé yín ti kọjá ààlà, ó ti ń yọ lórí koríko ẹni tí ẹ jọ pààlà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wá nǹkan ṣe sí i kí owó ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbìn ín. Ọwọ́ ẹni tó ta ilé fún yín lẹ ti bá a. Ó tilẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ilé náà wù yín: ó ga, ó tutù yọ̀yọ̀, ó dí ojú fèrèsé aládùúgbò tí kò fi lè máa ka iye ẹran tó wà nínú abọ́ yín. Ìgbà wo ni ewéko di ẹjọ́?

Ó ti di ẹjọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé kò sí òfin kan ṣoṣo tó kárí orílẹ̀-èdè náà. Ìpínlẹ̀ kan lè ní òfin, kí èyí tó múlé tì í má ní. Nínú ìpínlẹ̀ kan náà, káúńtì kan lè máa gba owó ìtanràn, kí ìkejì rẹ̀ má tilẹ̀ dárúkọ ọparun nínú ìwé òfin rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn méjì, ọ̀kan á ní wọ́n ti fòfin de ọparun, èkejì á ní irọ́ gbuu ni. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́, kó jẹ́ pé ìlú tí kálukú ń gbé ló yàtọ̀.

Bí àwọn òfin náà ṣe yàtọ̀ síra tó, ibì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sí. Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń ká wọn lára, kì í ṣe èyí tó ń fì lókè. Ìbéèrè wọn kò ju pé: gbòǹgbò tó kọjá ààlà yìí, ti ta ni? Ẹni tó bá ti mọ bí gbòǹgbò ọparun ṣe ń ṣe, apá tó pọ̀ nínú òfin náà á yé e kó tó pe lọ́yà rárá.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀

Koríko ni ọparun, bí àgbàdo àti ìrèké ṣe jẹ́ koríko. Oríṣi rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ láyé, ṣùgbọ́n ní ti bó ṣe ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ìsọ̀rí méjì ló ṣe pàtàkì fún onílé.

Èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti ilé, tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró, ojú kan ló máa ń jókòó sí. Ìdí rẹ̀ á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ó lè fẹ̀ títí kó di igbó ńlá kan, ṣùgbọ́n kò ní gbéra kó lọ yọ ní àgbàlá ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọparun ajókòó. Òun gan-an ló ń tan àwa jẹ. Ẹni tó bá fi ojú ọparun ilé wo ti ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, á ní kí ló wà nínú ọparun tí wọ́n ń pariwo lé lórí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pariwo lé lórí ni ọparun arìn. Gbòǹgbò tiẹ̀ kì í ṣù mọ́ ìdí ìyá rẹ̀. Ọ̀nà ló máa ń gbà lọ gbọọrọ. Phyllostachys ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìran tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ẹ há a sórí, torí pé òun ni ẹ óò máa bá pàdé nínú ìwé òfin. Ilẹ̀ China ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú wọn, Phyllostachys aurea, tí igi rẹ̀ máa ń pọ́n bíi wúrà bó bá gbó, ti dé ìpínlẹ̀ Alabama láti 1882. Èkejì, Phyllostachys aureosulcata, ní ìlà yẹ́lò kan gbọọrọ lára igi rẹ̀ tútù. Òtútù kì í tètè pa á, ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lókèèrè, ajókòó àti arìn jọra gan-an. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ di igi kan mú láàárín oríkèé méjì, lókè ibi tí ẹ̀ka ti yọ, kí ẹ fi àtàǹpàkò pa á wò yípo. Bí ó bá rí roboto délẹ̀, ẹ fi sùúrù wo nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àtàǹpàkò yín bá bọ́ sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ fá ẹ̀gbẹ́ kan igi náà, Phyllostachys lẹ dì mú yẹn. Ẹ ka ẹ̀ka ibi oríkèé rẹ̀ pẹ̀lú: méjì ló sábà máa ń yọ, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ti ajókòó sábà máa ń yọ púpọ̀ pọ̀ lójú kan bí ọwọ̀. Bí ẹ bá sì rí èéhù kan ṣoṣo tó yọ láàárín pápá koríko, tó jìnnà sí ìdí ọparun, kò sí ohun tí à ń yẹ̀ wò mọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ọparun láìjẹ́ ọparun. Èyí tí wọ́n máa ń gbìn sínú ife omi lórí tábìlì ọ́fíìsì pé ó ń mú oríire wá, ewéko mìíràn pátápátá ni, kò sí òfin tó kàn án níbí. Nandina, tó máa ń so èso pupa wẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kì í ṣe ọparun bákan náà. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni knotweed láti Japan: òun náà ní ihò nínú, ó ní oríkèé, ó sì ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tiẹ̀ dá dúró, oògùn rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ẹ dúró de ìgbà òtútù bí kò bá dá yín lójú. Knotweed á kú lókè, ewé rẹ̀ á wọ́ dànù. Ọparun arìn á ṣì dúró ní tútù. Amẹ́ríkà ní ọparun tirẹ̀ látilẹ̀wá pẹ̀lú, Arundinaria, tó máa ń hù létí odò ní ìhà gúúsù. Ọmọ onílẹ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe àlejò.

Ohun tó ń rìn

Sátidé kan ni mo bá ọ̀rẹ́ mi kan wú ọparun arìn ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ní wákàtí méjì la máa fi parí rẹ̀. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, a ti gé gbogbo igi náà lulẹ̀, a jókòó, a mu omi, inú wa dùn. Ìgbà tí a ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀ ni ojú wa tó là. Ṣọ́bìrì wọlé bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó kan nǹkan, ó ta padà. A fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò. Ohun kan nà gbọọrọ síbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó nípọn bí àtàǹpàkò, oríkèé lé oríkèé bí ìrèké tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Irun gbòǹgbò yọ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká, ojú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú iṣu tó ń múra àti hù. A tẹ̀ lé e. Ó gba abẹ́ ilé irinṣẹ́ kọjá, ó gba abẹ́ fẹ́ǹsì, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Orí rẹ̀ le, ó mú bí ọfà.

Ẹ̀rín ló pa mí. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a rí yẹn ni òfin ń bá wí. Gbogbo igi tó dúró lókè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òun ló so wọ́n pọ̀, òun ló sì ń bọ́ wọn. Kì í sábà jìnnà sísàlẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́ lára ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń wà. Ìparí ìgbà ooru sí ìgbà ìwọ́wé ló máa ń rìn jù, nígbà tí ojú onílé ti kúrò lára rẹ̀. Tó bá di ìgbà ìrúwé, ojú ara oríkèé rẹ̀ á wá la ilẹ̀ jáde. Ọmọ ọparun kì í yọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó sanra. Bó ṣe máa fẹ̀ tó títí ayé rẹ̀ ló máa ń bá jáde, láàárín nǹkan bí oṣù méjì ó sì ti ga tó bó ṣe máa ga. Lẹ́yìn ìyẹn kì í ga sí i mọ́. Nínú àwọn tó tóbi jù, Phyllostachys edulis lè ga tó nǹkan bíi mítà kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí ilẹ̀ àti ooru bá bá a lára mu. Ti ẹ̀yìn ilé kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì ní ìgbà ìrúwé lè dé bá igbó tí kò fi sílẹ̀.

Ẹ má ṣe dààmú nípa irúgbìn rẹ̀. Ọparun kì í tètè tanná. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ọgọ́fà ọdún ló wà láàárín ìtànná kan àti èkejì. Gbòǹgbò nìkan ló ń kó o wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ti ilé wíwó, àsọdùn pọ̀ níbẹ̀. Kọnkéré tó dáa kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti sán ló máa ń wá: etí ọ̀dà ojú ọ̀nà mọ́tò, àárín búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀yìn ilé, ìdí fẹ́ǹsì onípákó. Ibẹ̀ náà tó láti sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Ìpínlẹ̀ mẹ́ta, òfin mẹ́ta

Connecticut ni mo máa fi ṣíwájú, torí pé tiẹ̀ ṣe kedere. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbin ọparun arìn sí ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 sí ilẹ̀ ẹlòmíì tàbí ọ̀nà ìjọba, àfi bó bá fi ògiri abẹ́ ilẹ̀ sé e mọ́ dáadáa, tàbí kó gbìn ín sínú ìkòkò lórí ilẹ̀ níbi tí kò ti lè kan erùpẹ̀ àyíká. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là. Ẹni tó ń tà á náà kò yọ sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé tó sọ fún un pé ewéko yìí ń yára tàn, àti bó ṣe lè sé e mọ́.

Ìtanràn 100 dọ́là kọ́ ló yẹ kó ba onílé lẹ́rù níbẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tó gbin ọparun arìn, tàbí tó gbà kí wọ́n gbìn ín sórí ilẹ̀ òun, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá ààlà. Bó bá kọjá, òun ló máa san gbogbo ohun tó bà jẹ́ ní ilẹ̀ aládùúgbò, títí kan owó tí wọ́n fi wú u. Owó wíwú yìí ni kí ẹ rò dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé katakátá kékeré wá, tí wọ́n ń wa ilẹ̀, tí wọ́n ń kó erùpẹ̀ dànù, tí wọ́n tún ń padà wá lọ́dún kejì, kì í ṣe owó tí èèyàn ń rí nínú àpò ṣòkòtò àná.

Ti Virginia gba ọ̀nà mìíràn. Ìpínlẹ̀ náà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti ṣòfin lórí ọparun arìn, kò pa á láṣẹ fún wọn. Káúńtì tó bá wù ú á ṣe é, èyí tí kò bá wù á fi sílẹ̀. Fairfax County wà nínú àwọn tó ṣe é, òfin tiẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Kò ní kí ẹ má gbin ọparun, kò sì ní kí ẹ wú èyí tó wà. Ohun tó ní kò ju pé ẹ gbọ́dọ̀ ká a mọ́ ilẹ̀ yín, kó má dé ilẹ̀ ẹni tí ẹ jọ pààlà, kó má sì dé ọ̀nà ìjọba. Ìtanràn àkọ́kọ́ jẹ́ 50 dọ́là, èyí tó bá tẹ̀ lé e jẹ́ 200 dọ́là, gbogbo rẹ̀ kò sì lè ju 3,000 dọ́là lọ láàárín oṣù méjìlá.

Ẹ fi èyí wé ti Connecticut. Níbẹ̀, òfin ń béèrè ẹni tó gbìn ín tàbí tó gbà kí wọ́n gbìn ín. Ní Fairfax, ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí ni wọ́n mọ̀. Pé ẹni tó kó jáde ló gbìn ín kò gba onílé tuntun sílẹ̀. Mo rò pé ti Fairfax ló bọ́gbọ́n mu jù, bó tilẹ̀ le létí: ẹni tó gbìn ín ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ti kú, ó lè ti kó lọ sí Florida, gbòǹgbò kò sì dúró dè é.

Ní New York, orúkọ ni wọ́n fi mú wọn. Láti oṣù kẹta ọdún 2015 ni ìlànà ìpínlẹ̀ náà lórí àwọn ewéko àti ẹranko àlejò tó ń gba ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn méjì tí mo dárúkọ lókè, aurea àti aureosulcata, sì wà nínú èyí tí wọ́n dè pátápátá. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á, ẹ ò gbọdọ̀ rà á, ẹ ò gbọdọ̀ kó o wọlé, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e kiri, ẹ ò sì gbọdọ̀ lọ gbìn ín síbì kan. Èyí tó ti wà lẹ́yìn ilé yín tẹ́lẹ̀ kọ́ ni ìlànà yìí ń lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ “gbé kiri” yẹn. Ọ̀rẹ́ yín wá kí yín, ọparun yín wù ú, ẹ fi ṣọ́bìrì bu gbòǹgbò díẹ̀ fún un, ó gbé e sínú bùútù mọ́tò. Ìlànà náà ti kàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lẹ fún un.

Ìpínlẹ̀ New York kò sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Long Island ló ní òfin tiwọn lórí èyí tó ti wà nílẹ̀ tó ń kọjá ààlà. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní New Jersey àti Pennsylvania náà nìyẹn. Àwọn òfin ìlú wọ̀nyí jọra: wọ́n á de gbígbin tuntun, wọ́n á fi èyí tó ti wà kí òfin tó dé sílẹ̀, bí onílé bá ti lè ká a mọ́, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n tó bu ìtanràn, bí onílé bá kọ etí ikún, ìlú á rán òṣìṣẹ́ wá wú u, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ kún owó orí ilé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń ra ilé. Ẹgbẹ́ yẹn lè le ju káúńtì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti ibi tí ẹ ń gbé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé òfin ọ̀pọ̀ káúńtì wà. Running bamboo, orúkọ ọparun arìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ má tẹ bamboo nìkan, ẹ tún wá Phyllostachys pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin ilé àti àyíká. Ẹ bi wọ́n bóyá òfin wà lórí gbígbìn, bóyá ó wà lórí ìtànkálẹ̀, iye ẹsẹ̀ bàtà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọparun àti ààlà, àti bóyá ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín ń yí nǹkan padà. Ẹ sì mọ̀ pé àìsí òfin ọparun kò túmọ̀ sí pé ẹ bọ́: aládùúgbò tó bá rí ìbàjẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé yín lọ sí kóòtù.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ín

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ ibi tí ààlà yín wà. Fẹ́ǹsì kì í ṣe ààlà. Mo ti rí fẹ́ǹsì tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwé ìwọnlẹ̀ tó bá ilé yín wá ló máa sọ ọ́, bí kò bá sì yé yín, ẹ pe awọnlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yàn: ẹ fẹ́ sé e mọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kó lọ pátápátá?

Sísé mọ́ ń fẹ́ ike líle tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an. Èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ sábà máa ń lò nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀. Ẹ ó wa yàrà tó jìn tó 30 íǹṣì yí ọparun ká, ẹ ó ki ike náà bọ̀ ọ́, ẹ ó sì jẹ́ kí 2 íǹṣì rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ fì síta díẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ ọparun, torí pé gbòǹgbò tó bá kọlu ike tó fì báyìí á gun òkè, ẹ ó sì rí i. Èyí tó bá kọlu ike tó dúró ṣánṣán lè wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ kọjá. Ojú ibi tí ike ti pàdé ara wọn ni àṣìṣe ti máa ń wáyé jù. Kí ọ̀kan gun orí èkejì, kí ẹ sì fi irin dè wọ́n pọ̀ kí wọ́n fún dáadáa. Kò sí ihò kékeré níbi tí gbòǹgbò olórí ọfà bá wà. Lọ́dọọdún, ní ìparí ìgbà ooru, ẹ fẹsẹ̀ rìn yí i ká kí ẹ gé èyí tó bá ń gun orí ike náà kọjá. Ike tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, owó ló sọnù sílẹ̀ yẹn.

Ẹni tí kò fẹ́ ra ike lè wa yàrà lásán yí i ká, kó máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó sì gé gbòǹgbò tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́, bí onílé kò bá jẹ́ ọ̀lẹ.

Ẹ pe 811 kí ẹ tó wa ohunkóhun. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ni jákèjádò Amẹ́ríkà. Wọ́n á rán àwọn tó máa wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí wáyà iná, páìpù gáàsì àti ti omi gbà lábẹ́ ilẹ̀ yín. Ẹ pè ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí pé wọn kì í dé lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹni tó fẹ́ kó lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, sùúrù sì pọn dandan fún gbogbo rẹ̀. Wíwú ló yá jù, òun ló sì nira jù, bí mo ṣe sọ. Ọ̀nà kejì ni fífi ebi pa á: ẹ gé gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún yọ, ẹ tún gé e kó tó la ewé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbòǹgbò fi máa jẹ gbogbo ohun tó tò pa mọ́ tán. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fọkàn sí, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta ni oògùn apakoríko. Glyphosate ni wọ́n sábà máa ń lò, lára ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà tàbí lójú ibi tí wọ́n ti gé igi náà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà kan kì í tó. Ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn náà ni kí ẹ tẹ̀ lé, àgàgà bí ilẹ̀ yín bá sún mọ́ odò tàbí adágún, torí pé kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni òfin gbà lẹ́bàá omi.

Ẹ má da gbòǹgbò tí ẹ wú sínú igbó ẹ̀yìn àdúgbò, ẹ má sì kó o sórí òkìtì ajílẹ̀. Oríkèé kan tó ní ojú tó láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́tun. Ẹ di í sínú àpò, kí ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á.

Bí ó bá jẹ́ ti aládùúgbò ló ń bọ̀

Ẹ̀yin tí wọ́n ń rìn wá bá, ẹ ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà dúró lórí ààlà. Ní gbogbogbòò, ẹ lè gé ohun tó bá ti wọ ilẹ̀ yín, láti ojú ààlà wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ ò lè wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ gé ìdí rẹ̀. Ibi tí èèyàn rere ti ń ṣìṣe ni oògùn. Ẹ rántí pé gbòǹgbò kan náà ló so ti yín àti tirẹ̀ pọ̀. Oògùn tí ẹ fún sí ewé tó wà lọ́dọ̀ yín lè gba inú gbòǹgbò kọjá lọ pa èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yí padà: ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùfisùn á wá di olùjẹ́jọ́. Ẹ kọ́kọ́ gé gbòǹgbò náà ya lójú ààlà, kí ẹ tó fún oògùn sí èyí tó kù sọ́dọ̀ yín.

Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pe káúńtì. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ọparun àwọn ti jáde, torí pé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yín ló ti yọ, kì í ṣe iwájú ilé tiwọn. Ẹ fi àwòrán hàn án. Ẹ ya àwòrán náà kó ní ọjọ́, kí ẹ sì gbé nǹkan kan tí gbogbo ayé mọ bó ṣe ga tó, bíi gálọ́ọ̀nù tàbí àga, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, ẹ wá lọ sí káúńtì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àfi bí ẹnì kan bá fi ẹjọ́ sùn ni wọ́n ń wá wò ó. Kò sí ẹni tí ìjọba ń rán kiri láti wá ọparun.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ilé rà, ẹ lọ wò ó nígbà òtútù bó bá ṣeé ṣe. Igi yòókù á ti wọ́wé, ọparun nìkan ló máa dúró ní tútù lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kò sí ibi tó fẹ́ sá pa mọ́ sí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé náà àti ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé ti aládùúgbò lónìí lè di ti yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí éjẹ́ǹtì bi ẹni tó ń tà á bóyá lẹ́tà kankan ti dé láti káúńtì rí, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wú tiẹ̀ ní Sátidé yẹn, Sátidé márùn-ún ni iṣẹ́ wákàtí méjì náà gbà. A wú tó báárò mọ́kànlá. Nígbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́fà yọ láàárín koríko, ọ̀kan sì gba àárín pákó ilé irinṣẹ́ wọlé, ó ti fi orí kan òrùlé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn bá a níbẹ̀. Ọdún kejì, mẹ́ta. Ó ṣì máa ń mú àdá kékeré dání bó bá fẹ́ lọ gbé ìdọ̀tí síta.